Ẹni tí kò rin Àdúgbò, ǹjẹ́ ó mọ Aládùúgbò?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba, Ẹni tí ó tẹ́ ilẹ̀ fún wa, tí ó sì la ojú ọ̀nà sínú rẹ̀ kí a lè máa rìn. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn saabe rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àti ẹ̀yin òbí, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ẹ̀tọ́ tí Islam fún aládùúgbò kò kéré. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a) sọ fún wa pé Malaika Jibril tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ aládùúgbò fún òun tó bẹ́ẹ̀ tí òun fi rò pé yóò fún un ní ìpín nínú ogún. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ǹjẹ́ ènìyàn lè san ẹ̀tọ́ fún ẹni tí kò mọ̀? Ǹjẹ́ ó sì ṣeé ṣe kí a mọ aládùúgbò nígbà tí a kò mọ àdúgbò tí ó ń gbé?

Ìbéèrè yìí kan àwa ará Ore gan-an. Ìlú oríta ni ìlú wa. Ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Ṣágámù wá, tí ó ń lọ sí Benin, gba àárín wa kọjá. Ọ̀nà Oǹdó yà sí apá àríwá, ọ̀nà Òkìtìpupa yà sí apá gúúsù. Èrò tí ó ti Èkó bọ̀ yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò jẹun, yóò kírun, yóò tún wọkọ̀. Ìlú tí èrò ń gbà kọjá tọ̀sán-tòru báyìí, bí a kò bá ṣọ́ra, àwọn onílé ibẹ̀ pàápàá yóò kọ́ ìwà èrò ọkọ̀, wọn yóò máa gbé inú ìlú bí ẹni pé ọkọ̀ ni wọ́n ń dúró dè. Bí mo bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-kéú wa dárúkọ àwọn ìlú tí ọkọ̀ Ore ń ná, wọn yóò kà á geere bí ẹni ń ka Fatiha. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí wọ́n dárúkọ odò tí ó ṣàn lẹ́yìn ilé wọn, tàbí ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ́lé sí àdúgbò wọn, wọn a máa wo ojú ara wọn.

Ohun tí mo fẹ́ dá lábàá kò le. Kí àwọn ará àdúgbò kan, lọ́mọdé lágbà, kó ara wọn jọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ rin àdúgbò náà láti ìkangun kan dé èkejì, kí ẹni tí ó mọ ibì kọ̀ọ̀kan sì máa sọ ohun tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ fún àwọn yòókù. Kì í ṣe ìwọ́de, kì í ṣe ìpolongo ìbò, kì í sì í ṣe eré ìmárale. Ìrìn ìmọ̀ ni. Àwọn tí ń gbé ibẹ̀ ni olùkọ́, àwọn náà sì ni akẹ́kọ̀ọ́.

Àwọn kan ti ń ṣe é níbòmíràn. Ní ìlú Toronto, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2007. Orúkọ obìnrin kan ni wọ́n fi sọ ìrìn náà, Jane Jacobs, tí a bí ní Amẹ́ríkà ní 1916, tí ó sì kú ní Toronto ní oṣù kẹrin ọdún 2006. Obìnrin yìí kò ní oyè yunifásítì. Ojú ni ó là sílẹ̀, tí ó ń wo òpópónà tí ó ń gbé, títí ó fi kọ ìwé ńlá kan ní 1961 lórí ohun tí ń mú kí ìlú yè àti ohun tí ń pa á. Ó ní àwọn tí ń jókòó sí ọ́fíìsì ya àwòrán ìlú láìfi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ a máa ba ìlú jẹ́. Ó ní ohun tí ń dáàbò bo òpópónà jù lọ ni ojú àwọn ènìyàn tí ó wà níbẹ̀: ìyá tí ó pàtẹ sí ẹnu ọ̀nà, bàbá tí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn tí ń lọ tí ń bọ̀ tí wọ́n mọ ara wọn lójú. Nígbà tí Robert Moses, ọ̀gá àwọn ìjòyè tí ń la ọ̀nà ní New York nígbà náà, fẹ́ gbé ọ̀nà márosẹ̀ la àárín àwọn ilé kọjá ní ìsàlẹ̀ Manhattan, Jane Jacobs wà lára àwọn aládùúgbò tí ó kọ̀ ọ́, wọn kò sì rí ọ̀nà náà là títí di òní. Ó kó lọ sí Toronto ní 1968. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rò ó pé ohun tí ó yẹ ẹ́ jù ni kí àwọn ènìyàn máa rin àdúgbò wọn. Lónìí, ní ìparí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù karùn-ún, wọ́n ń rìn bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú láyé. Wọn kì í gba owó, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì mọ àdúgbò rẹ̀ lè ṣíwájú.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀dọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun ni a ti fẹ́ lọ yá ẹ̀kọ́ yìí. Ó wà nínú sunna wa. Jabir, ọ̀kan nínú àwọn saabe, sọ pé ní ọjọ́ ọdún, bí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a) bá gba ọ̀nà kan lọ sí Yídì, ọ̀nà mìíràn ni ó ń gbà bọ̀. Àwọn onímímọ̀ sọ oríṣiríṣi ìdí: kí ó lè kí àwọn ará ọ̀nà méjèèjì, kí ó lè rí aláìní ìhà méjèèjì, kí ọ̀nà méjèèjì lè jẹ́rìí sí i. Ẹ wo ìdí wọ̀nyí dáadáa. Ẹni tí ó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo lọ, tí ó ń gba ibẹ̀ náà bọ̀, ìdajì ìlú ni ó kí, ìdajì tálákà ni ó rí.

Ó wà nínú àṣà wa náà. Àwọn àgbà wa kò gbàgbé àwọn ajísààrì. Ní oṣù Ramadan, ní ààjìn òru, àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní àwọn ìlú Yorùbá mìíràn a máa fi wéré rin àdúgbò láti jí àwọn aláàwẹ̀ sí sààrì. Inú wéré yìí ni Síkírù Àyìndé Barrister, tí ó kú ní 2010, ti bẹ̀rẹ̀ ní ọmọdé kí ó tó sọ orin tirẹ̀ di fújì. Ohun yòówù kí ẹnikẹ́ni nínú wa rò nípa fújì, ẹ jẹ́ kí a gbà pé ọmọ tí ó fi ọgbọ̀n òru rin àdúgbò mọ ohun tí ẹni tí ó sùn kò mọ̀. Ó mọ ilé tí iná ti ń jó kí wéré tó dé, ó mọ ilé arúgbó tí kò ní ẹni tí yóò jí i, ó sì mọ ilé tí a kò dáná rárá. Lóde òní, aago inú fóònù ni ó ń jí wa. Aago náà ń jí wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fi ilé ẹnikẹ́ni hàn wá.

Ẹlòmíràn yóò ní ìrìn tí kò ní ọjà nínú, tí kò ní oko nínú, ìrìn ìranù ni. Èsì rẹ̀ wà nínú Al-Kùránì Alápọ̀ńlé. Nínú Suratu l-Ankabut, ẹsẹ 20, Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí a rìn lórí ilẹ̀ kí a sì wo bí Òun ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀dá. Nínú Suratu l-Hajj, ẹsẹ 46, Ó bá àwọn tí kò rin ilẹ̀ kí ọkàn wọn lè ní òye wí, Ó sì fi yé wa pé ọkàn inú àyà ni ó ń fọ́, kì í ṣe ojú. Ìrìn tí Ọlọ́hun so mọ́ òye báyìí, a kò lè pè é ní ìranù. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì sọ pé ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni kí a rìn. Ibn Battuta jáde kúrò ní Tangier ní 1325, ó rìn títí ó fi dé ilẹ̀ Mali ní 1352, gbogbo ayé sì ń yìn ín. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ọlọ́hun náà ni ojúlé kejì.

Kí ni a ó wá rí bí a bá rin Ore àti agbègbè rẹ̀? Ó pọ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra wọ ẹkùn Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n gba Benin, wọ́n sì forí lé Èkó. Ní Ore níbí ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn dúró nínú oṣù náà. Nígbà tí ó di ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án, ìjọba àpapọ̀ ti gba Benin padà. Láti ìgbà náà ni àwọn Yorùbá ti ń fi ìjà Ore júwe ìjà tí ó le. Orúkọ ìlú wa wà lẹ́nu gbogbo ayé, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ni àgbàlagbà kan ti mú dúró sí ojú ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, tí ó ní, ‘Ibí ni a gbà sá wọ igbó’? Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 12 nígbà ogun náà ti tó ẹni 70 ọdún. Bí a kò bá bá wọn rìn nísinsìnyí tí ẹsẹ̀ wọn ṣì lè gbé wọn, a kò ní bá wọn rìn mọ́.

Ṣáájú ọkọ̀ ni ọ̀nà ti wà níbí. Ní àwọn ọdún 1870, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó ṣí ọ̀nà kan tí ó gba orí ọ̀sà wá sí ilẹ̀ Oǹdó, kí àwọn oníṣòwò lè yẹra fún ọ̀nà Ìjẹ̀bú àti ti Ẹ̀gbá tí ìjà máa ń dí. Ọ̀nà náà gba agbègbè wa yìí. Ní Agbabu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo wa yìí kan náà, ọ̀dà wà nínú ilẹ̀, irú èyí tí a fi ń ṣe títì, wọ́n sì ti ń wá a níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. A ń rìn lórí títì lójoojúmọ́, a kò mọ̀ pé ohun tí a fi ń ṣe é sùn sí ìtòsí wa. Ẹ wo àwọn ènìyàn náà: ará Oǹdó, Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ, Ìgbìrà, Íbò, Hausa, gbogbo wọn ni ó ń gbé láàárín wa. Nínú Suratu l-Hujurat, ẹsẹ 13, Ọlọ́hun sọ ìdí tí Ó fi ṣe wá ní oríṣiríṣi ẹ̀yà: kí a lè mọ ara wa. Ọjà nìkan kò tó fún mímọ̀ yìí. Ní ọjà, owó ni a ń wò lọ́wọ́ ara wa.

Ẹ jẹ́ kí a tún rántí pé ohun tí a kò mọ̀, a kì í gbèjà rẹ̀. Ní Tinubu, ní Èkó, ilé àtijọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar. Ìjọba ti kéde rẹ̀ ní 1956 pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni, síbẹ̀ wọ́n wó o palẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ láìmọ ohun tí ó jẹ́. Nítòsí ibẹ̀, ní òpópónà Martins, ni mọ́sálásí Shitta Bey wà, èyí tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1894, tí Súlútánì ilẹ̀ Túrkì sì fi oyè Bey dá ẹni tí ó kọ́ ọ lọ́lá lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ń ti Ore lọ ra ọjà ní Èkó, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ mọ́sálásí yìí kọjá, wọn kò sì mọ̀ pé ọlá àwọn bàbá wọn ni àwọn ń fi èjìká gbún.

Nísinsìnyí, ó yẹ kí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti léwu. Ìrìn wà tí ó jẹ́ ọ̀fíntótó. Nínú Suratu l-Hujurat kan náà, ẹsẹ 12, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa kí a máa tọpinpin àṣírí ara wa. A gbọ́ nínú ìtàn pé Kalífà Umar ọmọ Khattab (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) ń rin Madina lóru, ó gbọ́ ohùn nínú ilé kan, ó fo ògiri wọlé, ó sì bá ọkùnrin kan lórí ẹ̀ṣẹ̀. Ọkùnrin náà ní bí òun bá ṣẹ̀ lọ́nà kan, Umar ṣẹ̀ lọ́nà mẹ́ta: ó tọpinpin, kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé, kò sì tọrọ àyè kí ó sálámà. Umar gbà, ó sì fi í sílẹ̀. Bí Umar bá lè gbà, àwa náà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹsẹ̀ wa yóò dúró.

Ìdí nìyí tí ó fi ṣe pàtàkì pé kí àwọn ará àdúgbò fúnra wọn máa ṣíwájú ìrìn náà. Nígbà tí àlejò bá kó ara rẹ̀ wá wo tálákà bí ẹni ń wo ẹran nínú ọgbà, ìwọ̀sí ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí onílé bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn ilé rẹ̀, iyì ni. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a) ti ka ẹ̀tọ́ ojú ọ̀nà fún wa: kí a rẹ ojú sílẹ̀, kí a má ṣe ni ẹnikẹ́ni lára, kí a dáhùn sálámà, kí a pàṣẹ rere, kí a sì kọ̀ fún ìbàjẹ́. Ẹni tí ó bá pa márùn-ún yìí mọ́, kò ní di olófòófó. Ohun tí a bá fi hàn án ni yóò wò, ohun tí a bá bò, yóò bá wa bò ó.

Àwọn òbí yóò bi mí nípa ewu. Òótọ́ ni, àsìkò ajínigbé ni a wà. Ṣùgbọ́n n kò ní kí a kó ọmọ lọ sínú igbó. Àárín ilé ni mo ní, ní ojúmọmọ, pẹ̀lú ìmọ̀ olórí àdúgbò. Àwọn ìyá ni kí ó ṣíwájú àwọn ọmọbìnrin, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ọjọ́ Yídì. Mo sì fẹ́ kí a rò ó síwájú sí i. Àdúgbò wo ni ó rọrùn fún oníṣẹ́ ibi láti fara pamọ́ sí? Èyí tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ ẹnikẹ́ni ni. Níbi tí a bá ti mọ ara wa lójú àti lórúkọ, ẹni tí ó bá gbé ọmọ ọlọ́mọ kọjá yóò gbọ́ ìbéèrè kí ó tó rìn jìnnà.

Síbẹ̀, n kò rò pé ẹ̀rù ajínigbé tàbí àìráyè ni olórí ohun tí ó ń dá wa dúró. Ohun mìíràn wà tí a kì í fẹ́ sọ. Ìmọ̀ a máa di ẹrù lé ènìyàn lórí. Níwọ̀n ìgbà tí n kò bá mọ̀ pé opó kan wà ní ojúlé karùn-ún tí kò rí oúnjẹ ṣínu, mo lè jẹun kí n dúpẹ́, kí n sì sùn. Ọjọ́ tí mo bá gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá tí mo sì mọ̀, oúnjẹ mi kò ní lọ geere mọ́. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ọgbọ́n yan àìmọ̀. Wọ́n gbé ògiri ga, wọ́n wọ ọkọ̀ ní ẹnu géètì, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní ẹnu géètì, wọ́n sì ní àwọn kò gbọ́. Ṣé àìmọ̀ tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn lè jẹ́ àwáwí lọ́dọ̀ Ọlọ́hun?

Ìtàn Umar kejì dáhùn èyí. Ní òru ọjọ́ kan, òun àti Aslam ìránṣẹ́ rẹ̀ rí iná ní ẹ̀yìn ìlú Madina. Obìnrin kan ni ó gbé ìkòkò omi lásán kaná, ó ń fi tan àwọn ọmọ rẹ̀ tí ebi ń pa, kí oorun lè gbé wọn lọ. Obìnrin náà kò mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀, ó sì fi Umar sun Ọlọ́hun. Umar bi í léèrè pé báwo ni Umar ṣe lè mọ ipò tí ó wà. Ó dáhùn pé ẹni tí ó gba àkóso wọn kò yẹ kó gbàgbé wọn. Umar kò bá a jiyàn. Ó sáré padà, ó gbé ìyẹ̀fun àti ọ̀rá, kò sì gbà kí Aslam bá òun rù ú, nítorí pé Aslam kò ní bá òun ru ẹ̀ṣẹ̀ òun ní ọjọ́ ìdájọ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tí ó wá sọ fún Umar. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó gbé e dé ibẹ̀. Bí ó bá jókòó sílé, ẹ̀bi náà ì bá ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, òun nìkan ni kì bá tí mọ̀.

A kò jẹ́ kalífà, ṣùgbọ́n olúkúlùkù wa ni olùṣọ́ ohun tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Nítorí náà, mo rọ àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ mọ́sálásí wa ní Ore, ní Odigbo àti níbi gbogbo tí ìwé yìí bá dé. Ẹ yan ọjọ́ Àìkú kan lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn ìrun Àsùbá nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ẹ má ju 15 lọ, kí ẹ má baà dí ọ̀nà. Ẹ ti bẹ àgbàlagbà kan sílẹ̀, ẹ bẹ ìyá kan tí ó pẹ́ lọ́jà, ẹ bẹ aládùúgbò tí kì í ṣe Mùsùlùmí pẹ̀lú, nítorí àdúgbò kì í ṣe ti ẹlẹ́sìn kan. Kí ọmọ kan máa kọ orúkọ odò, orúkọ igi, orúkọ ilé àti ọdún tí a kọ́ ọ sínú ìwé. Kí ẹ má ṣe padà láìṣe ohun kan: ẹ kó pàǹtírí tí ó dí gọ́tà, ẹ dí kòtò tí ọmọdé lè já sí, nítorí mímú ìnira kúrò lójú ọ̀nà wà lára ìgbàgbọ́. Bí ẹ bá sì rí ilé tí ìyà ń jẹ, ẹ má pariwo rẹ̀. Ẹ padà lọ ní ìdákẹ́jẹ́ pẹ̀lú ohun tí agbára yín ká.

Àwọn àgbà ní bí ojú bá rí, ẹnu a dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí a fi kún un pé bí ojú bá rí, ọwọ́ kò gbọdọ̀ dákẹ́. Ní ọjọ́ tí a ó bi wá nípa aládùúgbò wa, ẹsẹ̀ yìí náà wà lára àwọn tí yóò jẹ́rìí. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ó ní ohun rere sọ nípa wa. Kí Ó fi ìrẹ̀lẹ̀ sí ìrìn wa, kí Ó la ojú ọkàn wa, kí Ó má sì jẹ́ kí a gbé ìlú wa bí èrò tí ń dúró de ọkọ̀. Àmín.